Dàǹbú Ọjọ́ Sátidé

Páìpù irin tó ń gbé ooru kiri inú ilé wa ní West Ridge ni ohun àkọ́kọ́ tó dẹ́rù bà mí ní Àmẹ́ríkà. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ nígbà òtútù, á bẹ̀rẹ̀ sí í kan ara rẹ̀ láti inú ògiri, gbàn-gbàn-gbàn, bí ìgbà tí alágbẹ̀dẹ bá ń lu ọkọ́, lẹ́yìn náà á mí kanlẹ̀, fíììì, bíi pé apá ti ń ro ó. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Mo ti pinnu lọ́kàn ara mi pé àlùjọ̀nnú ló wà níbẹ̀, pé òun náà ti ibòmíràn wá, pé wọn ò fún un ní ìwé ìgbélùú ló ṣe sá pamọ́ sínú ògiri. Mo máa ń kí i kí n tó kọjá lọ sí ilé ìtọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. "Ẹ kú ìkàlẹ̀, sà," ni mo máa ń sọ, n ó sì tẹríba díẹ̀, torí n ò mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Tájù, awakọ̀ takisí tí èmi àti bàbá mi jọ ń gbé pẹ̀lú rẹ̀, gbọ́ mi lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Kàmàlú, ta lò ń kí?" Mo ní, "Ẹni inú ògiri ni, sà." Ó wo ògiri, ó wò mí. Ó ní, "Bó bá dáhùn, bá mi bi í bóyá ó lè máa bá wa fọ abọ́."

Ilé yẹn, ilé ìdúró ni. Èmi àti Bàbá la kọ́kọ́ rí ìwé gbà; wọ́n ní ti ìyá mi ń bọ̀ lẹ́yìn, ìyá mi bá dúró sí Ìlọrin, gbogbo ohun tó wà nínú ilé wa sì ń dúró dè é. Bàbá ti ra bẹ́ẹ̀dì ńlá kan sílẹ̀, ó gbé e ti ògiri, kò tú ọ̀rá ara rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ń sùn lórí kápẹ́ẹ̀tì. Bí mo bá fi ìka tẹ ọ̀rá yẹn, tó bá dún wìrìwìrì, Bàbá á pariwo láti yàrá ìdáná: "Kàmàlú! Ìyá ẹ ni yóò tú u!" Ìkòkò kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ sè nínú rẹ̀, Ìyá ni yóò kọ́kọ́ sè nínú rẹ̀. Bí Bàbá bá kírun tán, á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ̀bẹ̀ fún: "Ọlọ́run, ìwé ìyá Kàmàlú." Èmi a ní àmín. Bọ̀ọ̀dá Tájù náà a ní àmín láti orí àga, pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́nu. Ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè, a ó pe Ìlọrin, ìyá mi á sì fi oríkì pè mí, torí kì í pe orúkọ mi bí kò bá bínú. "Àkànbí, ṣé o ti jẹun? Kí lo jẹ? Ta ló sè é?" Ó máa ń fẹ́ kí n ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un, ata tó wà nínú ọbẹ̀ àti iyọ̀ tó pọ̀ jù, bí ẹni pé tó bá gbọ́ ọ tán, òun ló sè é.

Bàbá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kí n má purọ́ mọ́ ọn, kò ráyè sọ ọ́ ni. Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Romeoville ló ti ń ṣiṣẹ́, ṣíìfù alẹ́, ọ̀nà sì jìn. Kí n tó ti skúùlù dé, ó ti lọ; kó tó dé, mo ti ń so okùn bàtà. Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, ìwé pélébé kan lórí tábìlì ni bàbá mi: "Rẹ ẹ̀wà. Kírun. Má ṣílẹ̀kùn." Mo ń rẹ ẹ̀wà, mo ń gbá ilẹ̀, mo ń wọ́n iyọ̀ sórí àtẹ̀gùn ìta kí yìnyín má baà yọ Bọ̀ọ̀dá Tájù ṣubú, mo ń gbọ́ obìnrin ará Íńdíà tó wà lókè orí wa bó ṣe ń gún nǹkan ọbẹ̀, òórùn rẹ̀ á sì sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi. Mo máa ń jẹ ẹ̀bà mi pẹ̀lú òórùn ọbẹ̀ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n Sátidé! Ní àárọ̀ Sátidé, Bàbá kì í gòkè wá. Á tẹ fèrè mọ́tò lẹ́ẹ̀mejì, pọ̀ọ̀n-pọ̀ọ̀n, n ó sì fò àtẹ̀gùn mẹ́ta-mẹ́ta sọ̀ kalẹ̀, nítorí à ń lọ jẹun ní ṣọ́ọ̀bù ará Táíwàn.

Ẹnìkan níbi iṣẹ́ ló júwe ibẹ̀ fún un, pé àwọn yẹn ti máa ń ṣílẹ̀kùn kí òòrùn tó là. Tábìlì mẹ́fà péré ló wà níbẹ̀, àwọn àga rẹ̀ ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, gíláàsì fèrèsé sì ń làágùn bí ẹni tó sáré dé. Obìnrin tó ni ín, Ìyá Táíwàn là ń pè é láàárín ara wa, kì í rẹ́rìn-ín, kì í sì í bínú. Wàrà sóyà gbígbóná la fi ń bẹ̀rẹ̀, nínú abọ́. Ẹni tó bá fẹ́ oníṣúgà á gba oníṣúgà. Bàbá fẹ́ràn oníyọ̀, èyí tí wọ́n kán omi kíkan díẹ̀ sí, tí á wá máa dì díẹ̀díẹ̀ lójú ẹni bí wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń sè nílé. Wọ́n á gbé ìyẹ̀fun dídín méjì tì í, gígùn bí apá ọmọdé, bíi pọ́fù-pọ́fù tí ẹnìkan fà gùn tó gbàgbé láti dá padà. A ó ṣẹ́ ẹ, a ó tì í bọ inú wàrà. Ṣùgbọ́n olórí oúnjẹ ni ìrẹsì tí wọ́n wé. Ìyá Táíwàn á tẹ́ ìrẹsì gbígbóná tó lẹ̀ mọ́ra sórí ọ̀rá, á fi ẹ̀fọ́ oníyọ̀ tó gé wẹ́wẹ́ sí i, á fi ìyẹ̀fun dídín kan sí àárín, á wá bu nǹkan pupa rúsúrúsú kan wọ́n ọn lórí, ohun tó rí bí òwú, tó fúyẹ́, tó ń yọ́ lẹ́nu. Á ká gbogbo rẹ̀ pọ̀, á fún un le, á wé e bí ẹ̀kọ.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí Bàbá gé e jẹ, ó tú ìrẹsì náà, ó fi ìka méjì fa nǹkan bí òwú yẹn jáde, ó gbé e sókè sí iná. "Dàǹbú!" Mo ní kí ni, sà? "Dàǹbú, Kàmàlú! Ojú ẹ fọ́ ni? Dàǹbú lèyí!" Ìyá rẹ̀ ló máa ń ṣe é fún un bó bá ń rìnrìn àjò, ẹran màlúù tí wọ́n sè, tí wọ́n gún, tí wọ́n yan títí á fi dà bí irun àgùntàn, ọwọ́ àwọn Gàm̀bàrí ni àwọn ará Ìlọrin ti kọ́ ọ. Agolo kan lè gbé ènìyàn dé Kánò padà. Omi lé ròrò sójú bàbá mi nídìí ìrẹsì. Ó yíjú sí Ìyá Táíwàn, ó gbé àtàǹpàkò sókè. Obìnrin náà mi orí. "Ẹ̀dá Ọlọ́run kan náà ni gbogbo wa," ni Bàbá wí. "Wo ibi tí dàǹbú rìn dé!" Kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni irú ẹran tó jẹ́. Kí ló fẹ́ béèrè? Láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, ní ibi tí bàbá mi ti wá, kò sí dàǹbú tí kì í ṣe màlúù. Ẹni tó bá béèrè irú ẹran tó wà nínú dàǹbú, bí ẹni tó ń béèrè irú omi tó wà nínú òjò ni.

Ọ̀rọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀. N ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí bàbá rẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Dàǹbú yẹn ló ń ṣí bàbá mi lẹ́nu. Bó bá ti gé e lẹ́ẹ̀mẹta, á sún àga mọ́ tábìlì, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bó ṣe kọ́kọ́ rí ìyá mi, pé ó da omi láti ojú fèrèsé sí òun lórí, pé òun wọlé lọ láti bá wọn jà, òun kò sì tètè jáde. Á sọ ti bàbá rẹ̀, á sọ ti àwọn ọ̀gá níbi iṣẹ́, á sín wọn jẹ, á máa fi imú sọ̀rọ̀. A ó rẹ́rìn-ín títí Ìyá Táíwàn á fi wò wá. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ìdílé mi, láàárín wákàtí kan ọjọ́ Sátidé ni mo ti gbọ́ ọ.

Òtútù ti le dáadáa lọ́jọ́ tí mo dìde lọ tọ̀. Ilé ìtọ̀ wọn wà lẹ́yìn, ẹ ó gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná kọjá. Ìyá Táíwàn kọ ẹ̀yìn sí mi, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú agolo ńlá kan, ó ń bu dàǹbú. Lára agolo náà ni wọ́n ya ẹlẹ́dẹ̀ kan sí. Ó dé fìlà, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. N ò tí ì rí ẹlẹ́dẹ̀ tínú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ìtọ̀ náà ò wá mọ́. Mo padà sórí àga. Bàbá wà níbi tó dùn jù nínú ìtàn rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún. Mo la ẹnu. Ó ní, "Jẹun, ó ń tutù." Mo pa ẹnu dé.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń sọ pé ìrẹsì ń run mí nínú. Wàrà àti ìyẹ̀fun dídín ni mo ń jẹ. Bàbá á sì fa ìrẹsì tèmi mọ́ra, á jẹ ẹ́ kún tirẹ̀. Mo gba ọ̀nà ọ̀fun tèmi là, mo fi ti bàbá mi sílẹ̀ fún agolo. Bí mo bá rántí rẹ̀ báyìí tí mo ń wa tírélà lọ, mo máa ń bú ara mi sókè, àwọn tó wà nínú mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á rò pé orin ni mò ń kọ. Ṣé n ò mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ? Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pẹ̀lú pé ọjọ́ tí mo bá sọ ọ́ ni Sátidé parí, kò sì ní ku ohun mìíràn fún mi ju "Rẹ ẹ̀wà, kírun, má ṣílẹ̀kùn."

Ìbá ṣeé gbé bẹ́ẹ̀, bí kì í bá ṣe ilé kéú. Sọ́ńdè-Sọ́ńdè la ń lọ, ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan tó ń tutù, Álífáà wa a máa wọ kóòtù lé jalabíà. Lọ́jọ́ kan ó ní ẹni tó bá jẹ harámù, ogójì ọjọ́ ni àdúà rẹ̀ kò fi ní gòkè. Ó sọ ọ́, ó sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn, àwọn ọmọ tó kù ń ta ara wọn nípàá. Èmi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà á. Ogójì ọjọ́. Bàbá mi ń jẹ ẹ́ ní gbogbo ọjọ́ méje. Gbogbo "Ọlọ́run, ìwé ìyá Kàmàlú" tó ń sọ lórí ẹní, òrùlé ló ń kọlù, ó ń já bọ́ padà sórí kápẹ́ẹ̀tì. Èmi ló sì ń ṣe àmín sí i! Bí mo bá sọ, bàbá mi á dákẹ́. Bí n ò bá sọ, ìyá mi ò ní wá. Ẹ wá gbé ìyẹn lé ọmọ ọdún mọ́kànlá tó ń kí páìpù lọ́wọ́.

Ó yẹ kí n nawọ́ kí n bi Álífáà léèrè: ẹni tó jẹ ẹ́ tí kò mọ̀ ńkọ́? Ìbéèrè kan péré. Abéèrè kì í ṣìnà. Bọ̀ọ̀dá Tájù ló máa ń sọ ọ́, òun tí kì í béèrè ọ̀nà rárá, tó fi gbé èrò pápákọ̀ òfurufú dé Tinley Park. N ò béèrè. Ẹ̀rù bà mí pé Álífáà á ní ta ni, ta ló jẹ ẹ́, kí gbogbo kíláàsì máa wò mí. Dípò ìbéèrè, ìṣirò ni mo gbà lọ. Kàlẹ́ńdà kan wà lára ògiri wa tí alápatà òpópónà Devon fún wa, mo ń fi pẹ́ńsù fa ìlà tín-ín-rín sí i. Bí mo bá lè mú kí Bàbá fo Sátidé mẹ́fà, ogójì ọjọ́ á pé, àdúà kan á ráyè gòkè. Ẹyọ kan ti tó. Mo dá ibà sílẹ̀. Mo gbé iwájú orí mi ti páìpù gbígbóná, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ onílé, mo wá lọ dùbúlẹ̀. Bàbá fọwọ́ kàn mí lórí, ó jáwọ́, "Yéè!" Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó jókòó tì mí. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ṣe bẹ́ẹ̀. Inú mi ń dùn lábẹ́ kùbùsù. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó jáde lọ, ó sì padà wọlé pẹ̀lú ìrẹsì wíwé méjì nínú ọ̀rá, ó ń rẹ́rìn-ín. "Mo ní o kò ní lè lọ, mo bá gbé e wá bá ẹ." Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ orí mi, ó jẹ méjèèjì.

Ààwẹ̀ dé, mo ní Ọlọ́run ti gbọ́ tèmi, Òun fúnra rẹ̀ ló ti ìlẹ̀kùn. Ọgbọ̀n ọjọ́ láìsí oúnjẹ àárọ̀! Mo fi ọjọ́ mẹ́rin tó ṣáájú kún un. Ó ku ọjọ́ mẹ́fà péré. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fojú wo ọ̀rá bẹ́ẹ̀dì yẹn bí ẹni tó fẹ́ ya á. Ní àárọ̀ Ìtúnu Ààwẹ̀, a kírun tán, a wọ agbádá nínú òtútù, Bọ̀ọ̀dá Tájù ń ya wá ní fọ́tò, Bàbá bá pàtẹ́wọ́. "Ó yá. Ìyá Táíwàn!" Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká din àkàrà nílé. Mo ti rẹ ẹ̀wà." Òótọ́ ni, mo ti rẹ ẹ́. Ó ní, "Lọ́jọ́ ọdún? Ẹ̀wà? Tájù, gbọ́ ohun tọ́mọ yìí ń sọ." Mo ní kí ó jọ̀ọ́. Mo di agbádá rẹ̀ mú. Ó rò pé mò ń ṣeré ni, ó gbé mi sínú mọ́tò bí àpò ìrẹsì. Nígbà tó gé e jẹ lọ́jọ́ náà, mo wo aago lára ògiri. Aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀. Mo fọkàn pa gbogbo ìlà kàlẹ́ńdà mi rẹ́.

Kò tó oṣù kan lẹ́yìn náà, ìyá mi lọ ṣe ìntáfíù ní Èkó. Ọjọ́ náà, Bàbá ò lọ síbi iṣẹ́. Fóònù dún, ó gbé e, ó ń gbọ́. Ó ní, "Ó dáa. Máa lọ sílé. Rọra máa lọ." Ó gbé fóònù kalẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti bẹ́ẹ̀dì, ọ̀rá dún. Wọn ò fún un. Ẹ̀kún mú mi. Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́ nísinsìnyí, á dà bíi pé mo gbé oògùn wá.

"Bàbá, ẹlẹ́dẹ̀ ni."

"Kí ni ẹlẹ́dẹ̀?"

"Dàǹbú."

Mo sọ ti agolo, mo sọ ti fìlà tí ẹlẹ́dẹ̀ dé, mo sọ ti ogójì ọjọ́. Ó dìde, ó wọ ilé ìwẹ̀ lọ, mo ń gbọ́ bó ṣe ń fi omi yọ ẹnu, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, ó pọ̀ ju iye tí mo lè kà lọ. Ó jáde. "Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?" Mo ní láti ìgbà yìnyín. "Ìgbà yìnyín," ló wí. Kò nà mí. Bó bá nà mí ni, ì bá ti tán níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ó pe Ìlọrin. Mo wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Kàmàlú, a ti mọ ohun tó fà á." Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó sì ní, "Ọmọ ẹ ló rí i tí kò sọ." Ó na fóònù sí mi. Ìyá mi ò pè mí ní Àkànbí. Ó ní, "Kàmàlú."

"Ìyá."

"O rí i?"

"Mo rí i, mà."

"O ò sì sọ fún bàbá ẹ."

"Ẹ̀rù ló bà mí, mà."

"Ẹ̀rù kí ni?"

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún obìnrin tó wà ní Ìlọrin, tó ń dá nìkan sùn, pé ẹ̀rù ń bà mí pé bàbá mi á dẹ́kun bíbá mi sọ̀rọ̀? A jọ dákẹ́ títí káàdì fóònù fi tán. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, ó padà ń pè mí ní Àkànbí o, kò kórìíra mi, ṣùgbọ́n kò béèrè ohun tí mo jẹ mọ́ láéláé.

Lọ́yà tó ń bá wa ṣe ìwé ní ìwé kan ló dín, pé kí wọ́n tún kọ̀wé béèrè. Bàbá ní Ọlọ́run ti sọ tirẹ̀. Ó dẹ́kun lílọ sí Ìyá Táíwàn, ó sì dẹ́kun títẹ fèrè mọ́tò. Nígbà tí ọdún fi máa yí po, Bàbá fẹ́ Àǹtí Rísì, nọ́ọ̀sì kan, wọlé, òun ló tú ọ̀rá ara bẹ́ẹ̀dì. A kó lọ sí Tinley Park. Àǹtí Rísì kò fìyà jẹ mí rí, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí, torí n ò rí ẹni tí mo lè bínú sí yàtọ̀ sí ara mi. Ó bí àbúrò mi, Wàsíù. N kò ka ìwé jìnnà. Ọmọ tó bá ti ba ilé jẹ lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, kí ló tún fẹ́ fi ìwé bà jẹ́? Mo ń kó ẹrù ní Romeoville, lẹ́yìn náà mo kọ́ tírélà. Ìyá mi kú sí Ìlọrin. Mo lọ sìnkú rẹ̀, mo dúró níwájú sàréè, mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù tún bà mí.

Wọ́n máa ń ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Wọn ò sọ pé yóò ti rẹ òtítọ́ kó tó dé. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà tí dókítà kan dìde ní mọ́ṣáláṣí wa lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó ní òun jẹ nǹkan kan níbi iṣẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n sọ fún òun pé ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀. Álífáà ní, "Ẹ mọ̀?" Ó ní òun ò mọ̀. "Kò sí nǹkan kan lọ́rùn yín. Ẹlòmíràn tó ní ìbéèrè?" Ó tán. Èmi wà ní ìlà ẹ̀yìn. Ìdáhùn tí mo wá lọ́mọdé ló dé etí mi, ẹnu ẹlòmíràn ló sì gbé e wá. Èmi fúnra mi ò béèrè títí dòní.

Mo ní n ó sọ ọ́ fún Bàbá, kí ọkàn rẹ̀ lè fúyẹ́ kó tó lọ. Rahmat, ọmọ Wàsíù, ló wá fún mi láyè. Ọmọ ọdún méjìlá ni, Yorùbá rẹ̀ kò ju "ẹ káàárọ̀" àti "mo ti yó" lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń kúnlẹ̀ fún mi, orúnkún kan, lọ́nà àwọn ọmọ Àmẹ́ríkà. Ó rí ṣọ́ọ̀bù ará Táíwàn tuntun kan lórí fóònù, ó ní "Grandpa, you have to try it." Bàbá àgbà, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ní ó dáa. Ó yà mí lẹ́nu. Mo fi mọ́tò gbé wọn lọ ní àárọ̀ Sátidé. Àga ibẹ̀ kò mì, orí ẹ̀rọ la ti ń mú oúnjẹ tó wù wá. Rahmat lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà ní káńtà. "Hi, is there pork in the rice roll?" Ẹni náà ní, "Yeah, the floss is pork. I can do egg." Floss ni wọ́n ń pe dàǹbú. Rahmat ní, "Egg, please. Three." Ó padà wá jókòó, ó ń tẹ fóònù. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Mo wo ọmọ náà bí ẹni tó rí akínkanjú ológun.

Bàbá ń fi ṣíbí ro wàrà oníyọ̀ rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, mo gbọ́ lẹ́nu Álífáà ní Jímọ̀. Ẹni tó jẹ ẹ́ láìmọ̀, kò jẹ̀bi. Àdúà yín gòkè, sà. Ohun ìgbà yẹn kọ́ ló dí ìwé Ìyá lọ́wọ́."

Ó ní, "Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀ kẹ̀? Láti ìgbà wo?"

"Ọ̀sẹ̀ yẹn náà. Mo lọ bá Álífáà yín nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ yẹn. Ó ní kí n fọ ẹnu mi, kí n tún kọ̀wé béèrè." Ó bu wàrà, ó mu ún. "Ẹlẹ́ẹ̀kejì kì bá tí pẹ́, ká ní mo ṣe é."

"Ẹ ò ṣe é."

"Rísì ti wà nígbà yẹn, Kàmàlú." Kò gbé ojú sókè. "N ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún ìyá ẹ. Ó ti ṣe mí bákan. Ìwọ bá gbé ọ̀rọ̀ kan wá, ọ̀rọ̀ tó ṣeé sọ fún èèyàn. Mo gbà á."

"Èmi lẹ ní mo fà á. Ẹ na fóònù sí mi."

"Ọmọdé ni ẹ́. Mo rò pé o máa gbàgbé."

Mo ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ n sọ fún yín. Ọ̀rọ̀ ogójì ọdún tò sí ọ̀nà ọ̀fun mi bí mọ́tò lójú ọ̀nà Romeoville. Rahmat gbé orí sókè kúrò lójú fóònù, ó wo bàbá àgbà, ó wo èmi. Ìyá bàbá rẹ̀ ni Àǹtí Rísì. Àwọ̀ ojú rẹ̀ ló gbé wọ̀.

"Uncle, what did he say?"

Bàbá gbójú sókè nígbà yẹn. Ó wò mí. N ò tí ì rí ẹ̀rù lójú bàbá mi rí, mo sì mọ ẹ̀rù dáadáa, èmi àti rẹ̀ ti jọ gbé pẹ́. Mo mu wàrà díẹ̀.

Mo ní, "Ó ní oúnjẹ náà dùn."

Rahmat gbà mí gbọ́.